Òkúta ń bẹ nílẹ̀ Yorùbá, ará Èkó ń fi dọ́là rà á

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ òkúta orí pẹpẹ ilé ìdáná rẹ̀ l'Ékòó lásìkò yìí, kó yáa tọ́jú owó gidi. Láti China, India àti Ítálì ni ọ̀pọ̀ gíránáìtì tó ń dán yẹn ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Kí ìjọba àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bíi N470 lọ ní báńkì. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti lé ní N1,500. Ẹ má dá oníṣòwò nìkan lẹ́bi.

Ohun tó ń dunni ni pé mábù wà n'Ígbẹ́tì, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Lóòótọ́, ọsàn wẹ́wẹ́ àti tòmátì máa ń ba mábù jẹ́, ṣùgbọ́n gíránáìtì náà ò wọ́n wa: Abẹ́òkúta, orúkọ ìlú ti sọ ọ́. Ẹ̀rọ tó ń la òkúta, tó sì ń mú un dán, ló ṣòro. Iná ló ń lò. Bí iná ò bá dúró, dísù ni, ẹni tó ra òkúta ló sì máa san án.

Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti pèsè iná tiwọn. Kí ìjọba Ọ̀yọ́ àti Ògùn fi àwọn tó ń la òkúta ṣáájú. A kì í gbé inú odò kí ọṣẹ hó síni lójú.