Owó ìsinmi nílẹ̀ òkèèrè: Ẹnubodè ló ti ń jò, kì í ṣe ọkọ̀

Bí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà bá fẹ́ lọ gbafẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, Dubai, London tàbí Paris ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù rárá, owó físà ti jẹ nínú owó náà. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, 90 yúrò ni físà Schengen fún àgbàlagbà kan. Bí wọn kò bá sì fún èèyàn ní físà ọ̀hún, owó náà kì í padà.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Láti Èkó dé Accra kò tó 500 kìlómítà. Àbújá jìnnà sí Èkó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú ọ̀nà yìí, ọmọ Nàìjíríà lè rí orílẹ̀-èdè mẹ́ta, Benin, Togo àti Ghana, láì san kọ́bọ̀ fún físà. Ọdún 1979 ni àjọ ECOWAS ti fọwọ́ sí i ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀.

Ohun tí ojú yóò rí kò kéré. Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí omi, wà ní Benin. Ààfin àwọn ọba Abomey náà wà níbẹ̀, UNESCO sì ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé láti ọdún 1985. Ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, èèyàn lè fi èdè Yorùbá ná ọjà. Etíkun wà ní Lomé, ilé olódi Elmina àti Cape Coast, tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ, sì wà ní Ghana.

Àmọ́ ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yìí rí yóò bèèrè bóyá owó rẹ̀ kéré lóòótọ́. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ẹnubodè mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Sèmè, Hillacondji àti Aflao. Owó kéékèèké tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èrò níbẹ̀ lè sọ ìrìnàjò olówó pọ́ọ́kú di ọ̀wọ́n.

Apá kan ẹ̀bi náà wà lọ́rùn arìnrìnàjò. Ọ̀pọ̀ ló ń gbéra láì mú pásípọ́ọ̀tù dání, àwọn mìíràn kò ní káàdì àjẹsára ibà pọ́njú. Dẹ́rẹ́bà á ní kí wọ́n mówó wá, òun á bá wọn yanjú ẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé kò lẹ́nu láti fi bèèrè rìsíìtì.

Nítorí náà, ilé ni ìṣọ́wóná ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí èèyàn gba abẹ́rẹ́ náà níbi tí ìjọba yàn, kó sì tọ́jú káàdì rẹ̀: láti oṣù Keje ọdún 2016, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti ní abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé. Owó CFA kan náà ni wọ́n ń ná ní Benin àti Togo, kò sídìí láti tún owó ṣẹ́ ní Hillacondji. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dilẹ̀ nígbà ọdún Kérésì sì lè dúró di oṣù Kejì, nígbà tí èrò ọdún ti lọ tán.

Àwọn kan yóò ní ẹni tí ìwé rẹ̀ pé náà ń sanwó. Òótọ́ ni, ibẹ̀ sì ni ẹ̀bi ìjọba wà. Ní ọdún 2018, Nàìjíríà àti Benin ṣí ibùdó àjùmọ̀lò ní Sèmè-Kraké, kí òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì lè yẹ ìwé wò lójú kan. Síbẹ̀, ojú ọ̀nà Badagry kún fún àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró. Kí ni àǹfààní ibùdó kan ṣoṣo bí wọ́n bá ti yẹ èrò wò lẹ́ẹ̀mẹwàá kó tó débẹ̀?

Mali, Burkina Faso àti Niger ti fi ECOWAS sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Bí àjọ náà bá fẹ́ kí aráàlú mọ rírì rẹ̀, ojú ọ̀nà yìí ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n lẹ iye owó tó bófin mu mọ́ ara ògiri ní gbogbo ẹnubodè, kí wọ́n sì fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó bá gba jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Títí dìgbà náà, kí arìnrìnàjò má ṣe fowó ra ìrọ̀rùn. Ẹni tó lọ gbafẹ́ lè fojú kéré owó tó yọ fún òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá oníṣòwò tó ń gba bodè yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọn yóò tún ní kó san irú rẹ̀, èrè ọjà rẹ̀ ló sì máa bá a lọ.