Ẹ ti gbowó wa tán, ẹ ṣì ń pè é ní ìdánwò

Àbúrò mi ọkùnrin pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n kú fún. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n tún ti sún un síwájú o!" Mi ò tiẹ̀ béèrè ohun tí wọ́n sún. GTA VI ni. Ọdún 2025 ni ilé iṣẹ́ Rockstar kọ́kọ́ dá, wọ́n wá sún un sí ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2026, wọ́n tún wá ń sọ báyìí pé ó di ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 2026. Àbúrò mi ní wọ́n kàn ń fìyà jẹ àwọn ni. Mo bi í pé, "Èló ni wọ́n ti gbà lọ́wọ́ ẹ?" Ó ní wọn ò tíì gba kọ́bọ̀. Mo ní, "Lọ sùn nígbà náà."

Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Rárá o. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí gan-an nìyẹn. Pé géèmù pẹ́ kó tó jáde, ìyẹn ò yẹ kó máa bí wa nínú tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó yẹ kó máa bí wa nínú ni kí wọ́n gbowó wa, kí wọ́n gbé géèmù tí ò tíì jinná lé wa lọ́wọ́, kí wọ́n wá lẹ orúkọ "beta" mọ́ ọn lórí fún ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́jọ, kí ẹnikẹ́ni má baà lè bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀.

Gbogbo wa la ti bá télọ̀ jà rí, àbí? Ẹ jẹ́ kí n fi télọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Télọ̀ tó bá mọṣẹ́ á ní kó o wá dán aṣọ wò kó tó rán an parí. Apá lè fún, ọrùn lè gbà jù. Àǹfààní tìẹ ni ìdánwò yẹn. Tó bá tiẹ̀ wá ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wàá kùn, wàá sì padà sílé. Ṣùgbọ́n ká ní ó ti gba owó iṣẹ́ ẹ̀ pé, ó wá gbé bùbá tí ò lápá fún ẹ pé kó o máa wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó. O pariwo, ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù, a ṣì ń dán an wò ni." Ṣé wàá gbà? Kò dájú. Ṣùgbọ́n ohun tá a ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe géèmù nìyẹn.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀, ₦33,000 nìjọba ń san fún wa lóṣù. Géèmù ìbọn kan wà lórí fóònù tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń gbá lálaalẹ́ tí wọ́n bá ti múná dé. Wọ́n kọ "beta" sí igun kan níbi tí ojú ò ti lè tètè rí i, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń gbowó hàn ketekete. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń ra aṣọ àti ìbọn aláràbarà, ₦1,500 lónìí, ₦2,000 lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, títí ó fi di ₦12,000. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí géèmù, ó ní kí n yan orúkọ tuntun. Gbogbo ohun tí mo kó jọ ti lọ. Mo kọ̀wé sí wọn. Èsì wọn ò ju ìlà mẹ́ta lọ: ìdánwò ni géèmù náà, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìpele tuntun, èmi náà sì ti tẹ "mo gbà" lọ́jọ́ tí mo wọlé. Òótọ́ ni, mo tẹ̀ ẹ́. Ta ló ń ka ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ yẹn? Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí wọ́n ń yọ owó nínú àkáǹtì mi, owó gidi ni wọ́n yọ. Kò sí beta nínú náírà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mi ò mọ bí iṣẹ́ náà ṣe le. Géèmù tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbá nínú yàrá rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ lè jókòó sí ọ́fíìsì kí wọ́n dán an wò dé àyè kan. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú oríṣiríṣi fóònù àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àwọn tó fẹ́ fi màgòmágó borí náà á sì wà láàárín wọn. Kò sí ọ́fíìsì tó lè rí gbogbo ìyẹn tán kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2013 tí GTA Online bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò rọ́nà wọlé, ohun tí àwọn míì ti ṣe nínú géèmù sì pòórá. Rockstar fúnra rẹ̀ ní láti fi owó inú géèmù tu àwọn èèyàn lójú. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ dán nǹkan wò dáadáa, mo fara mọ́ ọn. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́.

Àmọ́ ẹ wá wo ohun tí àwọn kan sọ ìdánwò dà.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, Chris Roberts jáde pé òun fẹ́ ṣe géèmù ojú òfuurufú kan tó ń jẹ́ Star Citizen, ó sì ní kí àwọn èèyàn dá owó fún òun. Ọdún 2014 ni wọ́n dá pé ó máa jáde. Owó tí wọ́n ti rí gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ti kọjá 700 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2024. Lọ́dún 2018, wọ́n gbé àkójọ ọkọ̀ òfuurufú kan sórí àtẹ tí iye rẹ̀ jẹ́ 27,000 dọ́là, ẹni tó bá sì ti ná 1,000 dọ́là lórí géèmù náà tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè rí i rà. Títí ọdún 2025 fi parí, "alpha" ni wọ́n ṣì ń pe géèmù yìí, ìyẹn ìpele tó tiẹ̀ ṣáájú beta. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì.

Ẹ tún wo Escape from Tarkov, géèmù ìbọn tí ilé iṣẹ́ Battlestate Games ní Rọ́ṣíà ṣe. Ọdún 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ beta rẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni wọ́n tó sọ pé ó ti parí. Ó lé ní ọdún mẹ́jọ! Láàárín ìgbà yẹn, lóòrèkóòrè ni wọ́n ń nu ohun tí gbogbo èèyàn ti kó jọ kúrò kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ta irú kan tó tó 150 dọ́là fáwọn èèyàn, wọ́n sì ṣèlérí pé àfikún tó bá jáde lẹ́yìnwá ọ̀la, ọ̀fẹ́ ni fún wọn. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé òmíràn jáde ní 250 dọ́là, wọ́n wá fi ọ̀nà tuntun kan láti gbá géèmù náà sínú rẹ̀, wọ́n ní tàwọn tó san 150 kò sí níbẹ̀. Ariwo ta gèè kí wọ́n tó yí ohùn padà. Tẹ́ ẹ bá ṣírò dọ́là kan sí ₦1,500, 250 dọ́là jẹ́ ₦375,000. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2024 ni ₦70,000. Ẹni tó bá kó owó oṣù márùn-ún jọ láìjẹun, kò tíì lè rà á. Géèmù tí wọ́n ní ó ṣì wà lábẹ́ ìdánwò rèé o!

DayZ náà wà níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní oṣù Kejìlá ọdún 2013. Láàárín oṣù kan, èèyàn mílíọ̀nù kan ti rà á. Oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni wọ́n tó sọ pé ó délé. Ṣé ẹ wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà? Tí owó bá ti wọlé tán, kí ló máa lé wọn láré? Télọ̀ tó ti gbowó pé kì í sábà rántí ọjọ́ ìgbéyàwó.

Àwọn tó ṣe é dáadáa náà wà. Riot Games bẹ̀rẹ̀ beta Valorant lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2020, géèmù sì jáde lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún kan náà. Wọ́n nu gbogbo nǹkan lóòótọ́ nígbà tí ìdánwò parí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fowó ra nǹkan nígbà ìdánwò, wọ́n dá iye tó rà padà fún un nínú géèmù, wọ́n sì fi ìdá 20 nínú 100 lé e. Ẹ tún wo Square Enix ti Japan. Wọ́n kánjú gbé Final Fantasy XIV jáde lọ́dún 2010, ó sì dójú tì wọ́n. Wọ́n dákẹ́ owó oṣooṣù, ó lé lọ́dún kan tí wọn ò gbà á. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, wọ́n ti í pa, wọ́n tún un ṣe látìpìlẹ̀, ó sì padà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013. Wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ò dára, wọn ò sì máa gbowó lé e lórí. Ohun tí mò ń sọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kàn wá níbì kan tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Àwọn wo ni wọ́n fi ń dán géèmù wò? Call of Duty: Warzone Mobile, tí ju 50 mílíọ̀nù èèyàn forúkọ sílẹ̀ fún kó tó jáde, Australia ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, lẹ́yìn náà Chile, Norway àti Sweden. Kò sí ilẹ̀ Áfíríkà kankan níbẹ̀. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 2024 ló jáde fún gbogbo ayé. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa wá ń rìn bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ta ló dán ìyẹn wò ní Sweden? Tí server bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ọ̀rọ̀ láti orí fóònù ẹ l'Ékòó tó débẹ̀ kó sì padà, ó lè gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n nínú géèmù ìbọn, wọ́n ti pa ẹ́ kó o tó mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n yọ Warzone Mobile kúrò lórí àtẹ. Gbogbo ìdánwò yẹn, kò tó ọdún kan ààbọ̀ tó fi wà ní títà.

Kí la wá fẹ́? Ohun mẹ́ta péré ni. Àkọ́kọ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, géèmù yín ti jáde. Ẹ má fi beta bojú mọ́. Èkejì, tẹ́ ẹ bá máa nu ohun tá a rà, ẹ dá owó wa padà tàbí ẹ dá ohun tá a rà padà. Ẹ̀kẹta, ẹ sọ ọjọ́ tí ìdánwò máa parí, ẹ sì wá dán an wò lọ́dọ̀ tiwa náà, nítorí owó tiwa náà lẹ ń gbà.

Ṣùgbọ́n kí àwa náà má dúró dè wọ́n. Láti ọdún 2013 ni Steam ti ń ta géèmù tí ò tíì parí, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí bó ṣe rí lónìí ò bá wù ẹ́, kó o dúró ná. Ẹ máa ka ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti rà á, tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè gba owó yín padà láàárín ọjọ́ 14, tẹ́ ẹ ò bá tíì gbá a tó wákàtí méjì. Ẹ má ra ìlérí. Ohun tó wà lórí fóònù yín lónìí ni kẹ́ ẹ sanwó fún.

Àbúrò mi tún pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti gbàgbé GTA. Ó ní géèmù tuntun kan wà, ẹni tó bá san ₦8,000 lè wọlé sínú beta ṣáájú àwọn tó kù, ó sì fẹ́ kí n ya òun lówó. Mo ní kó kọ́kọ́ bá mi bi wọ́n pé, "Ọjọ́ wo lẹ máa parí ìdánwò, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ sí ohun tí mo bá rà?" Kò tíì rí èsì gbà. Owó mi náà ṣì wà lápò mi.