Ìgbàgbọ́ Tá À Ń Fẹnu Jẹ́wọ́, Ẹ Jẹ́ Ká Fọwọ́ Ṣe É Lónìí

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ. Mi ò sì fẹ́ kó di ọ̀la.

Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì tàbí Kátólíìkì lẹ ń lọ, ẹ dìde dúró lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ẹ ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́. Ọ̀pọ̀ yín ò wo ìwé. Ẹ ti mọ̀ ọ́n sórí láti kékeré. Kò pẹ́ tẹ́ ẹ fi kà á tán, ẹ jókòó, ìsìn ń lọ. Bó bá jẹ́ ìjọ tí kì í kà á lẹ ń lọ, ohun kan náà ni wọ́n ń wàásù níbẹ̀: Ọlọ́run ló dá ayé, Jésù Ọmọ rẹ̀ kú, ó jíǹde, Ẹ̀mí Mímọ́ wà pẹ̀lú wa, Ọlọ́run ń dárí ẹ̀ṣẹ̀ jini, òkú yóò jíǹde.

Ó dáa. Kí la wá fi ṣe lọ́jọ́ Ajé?

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ ṣe é. Mi ò tíì rí onígbàgbọ́ tó fẹ́ kí ẹ̀sìn òun mọ sórí ahọ́n. Àìdúró gbọ́ ohun tí ẹnu wa ń sọ ló ń dà wá láàmú. Ẹ jẹ́ ká dúró gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù dìde ṣe nǹkan kan kí ilẹ̀ òní tó ṣú.

Ẹlẹ́dàá la fi ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo èèyàn pátá ni Ọlọ́run dá. Ẹ wo ọmọ ọ̀dọ̀ tó wà lọ́dọ̀ yín. Ṣé ohun tí àwọn ọmọ yín ń jẹ lòun náà ń jẹ? Aago mélòó ló sùn lálẹ́ àná? Ṣé ó ń lọ sílé ìwé? Bí ìdáhùn yín kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tún un ṣe ní alẹ́ yìí. Kò di ìgbà tí wọ́n bá wàásù lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti Jésù. Ní ọdún 325, Kọnsitántáìnì, ọba Róòmù, pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sílùú Nísíà, tí wọ́n ń pè ní İznik lónìí ní ilẹ̀ Tọ́kì. Àlùfáà kan láti Alẹkisáńdíríà, tó ń jẹ́ Áríù, ló ń kọ́ àwọn èèyàn pé ẹ̀dá ni Ọmọ, pé Ọlọ́run ló dá a. Ìpàdé náà ní rárá o. Wọ́n ní ohun tí Baba jẹ́ gan-an ni Ọmọ jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ìjọ káàkiri ayé ṣì ń jẹ́wọ́. Ní ọdún 2025, ó pé 1,700 ọdún.

Ẹ lè ní, kí ló kàn wá nínú àríyànjiyàn àwọn bíṣọ́ọ̀bù àtijọ́? Ó kàn wá gan-an. Bó bá jẹ́ ẹ̀dá kan ni Ọlọ́run rán, a jẹ́ pé Ọlọ́run jókòó sókè, ó rán ẹlòmíràn wá jìyà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló wá, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló so aṣọ ìnura mọ́ ìdí, tó bẹ̀rẹ̀, tó fọ ẹsẹ̀ àwọn apẹja. Ó wà nínú Jòhánù orí 13. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́, iṣẹ́ wo ló tún kéré jù fún un láti ṣe?

Nítorí náà, ẹ gbé ìgbálẹ̀. Ilé ìyàgbẹ́ tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò, ẹ fọ̀ ọ́ lónìí, bí kò tiẹ̀ kàn yín. Ẹ kó ìdọ̀tí inú gọ́tà iwájú ilé yín kí òjò tó dé. Kẹ́ ẹ sì dé iwájú ilé aládùúgbò tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹ má pe ọmọdé sí i. Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ ṣe é, pàápàá bẹ́ ẹ bá ní oyè nínú ìjọ.

Ẹ tún kíyè sí nǹkan kan. Yàtọ̀ sí Jésù, orúkọ èèyàn méjì péré ló wà nínú Ìjẹ́wọ́ náà. Màríà ìyá rẹ̀ ni ọ̀kan. Pọ́ńtíù Pílátù ni ìkejì.

Pílátù kì í ṣe ẹni inú àlọ́. Gómìnà Róòmù ni, ó sì ṣàkóso Jùdíà láti ọdún 26 sí 36. Ní ọdún 1961, àwọn awalẹ̀pìtàn rí òkúta kan ní Kesaríà, létí òkun, tí wọ́n fín orúkọ rẹ̀ sí. Ìgbàgbọ́ wa ní ìlú, ó ní ìgbà, ó ní ìjọba tó wà lórí oyè nígbà náà. Ó ṣẹlẹ̀.

Kí ni Pílátù ṣe? Ó mọ̀ pé ọkùnrin tó wà níwájú òun kò jẹ̀bi. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Agbára láti dá a sílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù èrò bà á, ó ní kí wọ́n bu omi wá, ó ṣan ọwọ́, ó ní ọrùn òun mọ́.

Èyí ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, à ń dárúkọ ẹni tó ṣanwọ́, a sì ń délé ṣan tiwa. Wọ́n ń na ọmọ nílé kejì títí ohùn fi há a, a yí rédíò sókè. Wọ́n mú ọmọkùnrin kan lọ́jà, wọ́n ní olè ni, ẹnì kan ti lọ gbé táyà wá, a sáré kọjá nítorí iṣẹ́ ń dúró dè wá. Ẹbí pe ìpàdé lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ní kí ìyàwó olóògbé kó jáde nílé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́. Obìnrin náà jókòó sórí ẹní pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn, ó ń wojú gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa náà, a ń wo ilẹ̀.

Ẹ má wo ilẹ̀ mọ́. Gbólóhùn kan péré lè dá ìpàdé bẹ́ẹ̀ dúró: "Mi ò fara mọ́ ọn." Ẹ sọ ọ́. Bí ẹnì kan bá kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹ óò rí i pé ẹlòmíràn á sọ tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ló ń dúró de ẹni tó máa ṣáájú. Ẹ kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti ń na ọmọ, ẹ ní iyọ̀ lẹ wá tọrọ. Ẹni tó ń na ọmọ á dáwọ́ dúró ná, ẹ̀yin náà á sì ráyè bá a sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pa èèyàn lójú pópó, ẹ pe ọlọ́pàá. Ní Nàìjíríà, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù yín báyìí, kẹ́ ẹ tó ka ìlà tó kàn.

Ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ ńkọ́? A fẹ́ràn rẹ̀ gan-an bó bá jẹ́ àwa ni wọ́n ń dárí jì. Nínú Mátíù orí 5, Jésù ní kéèyàn gbé ọrẹ sílẹ̀ ná, kó kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó ń bínú sí i. Ìyẹn ni pé ìpè tẹ́ ẹ fẹ́ pè yẹn ṣáájú àpòòwé ọrẹ. Ẹ mọ ẹni náà. Orúkọ rẹ̀ ti sọ sí yín lọ́kàn báyìí. Ẹ pè é. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ to ẹjọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ yín" ti tó. Bó bá jẹ́ òun ló ṣẹ̀ yín, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn ti tán lọ́dọ̀ mi" ti tó.

Ẹ rántí Àjàyí Crowther. Ọmọ Òṣogùn ni. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, tí wọ́n ń tà á láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn títí ó fi dé etíkun. Ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Nígbà tó di òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ó lè dúró síbẹ̀, kó ní òun kò ní í ṣe pẹ̀lú ilẹ̀ tí wọ́n ti ta òun mọ́. Ó padà wá. Ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1845, ó dé Abẹ́òkúta ní 1846, ibẹ̀ ló ti fojú kan ìyá rẹ̀ tó bí i, tí òun àti rẹ̀ kò ti rí ara wọn fún bí ọdún 25. Ilẹ̀ tó tà á ló lo ayé rẹ̀ fún. Ìjà ìdọ̀tí àti ìjà owó àjọ tó wà láàárín wa kò tó ìyẹn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú: ìdáríjì kì í ṣe ìbòmọ́lẹ̀. Bí ẹnì kan nínú ìjọ bá ń fipá bá ọmọ lò, ẹ má pe ìpàdé àdúrà lé e lórí. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sọ́sibítù, kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí. Ọmọ náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò.

Gbèsè wà nínú ọ̀rọ̀ ìdáríjì yìí náà. Bíríkìlà tó mọ ògiri yín, tó ń pè, tẹ́ ẹ kì í gbé ìpè rẹ̀, ẹ san owó rẹ̀. Aránṣọ. Alágbàfọ̀. Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ yín ní lẹ́sìnnì. Jákọ́bù kọ̀wé sí àwọn ọlọ́rọ̀ ní orí 5 ìwé rẹ̀ pé owó iṣẹ́ tí wọn kò san fún àwọn olùkórè ti ń ké sí Ọlọ́run. Sákéù inú Lúùkù orí 19, ọjọ́ tí Jésù wọ ilé rẹ̀ ló ṣírò owó: ìdajì fún tálákà, ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tó ti rẹ́ jẹ. Bí owó yín kò bá tó san lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ lónìí, kẹ́ ẹ sọ ọjọ́ tí ìyókù máa dé. Kẹ́ ẹ sì gbé ìpè.

Ti Ẹ̀mí Mímọ́, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Nínú Gálátíà orí 5, Pọ́ọ̀lù to ohun tí Ẹ̀mí ń so jáde lára èèyàn. Ìfẹ́ ló fi ṣáájú, ìkóra-ẹni-níjàánu ló fi kẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ wò ó lára yín nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀, nígbà tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ kò bá fún yín ní ṣéńjì. Ẹ sì yí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì yín kọjú sínú. Ọmọ jòjòló wà nílé kejì, aláìsàn wà nílé kẹta, aládùúgbò wa Mùsùlùmí ń jí lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ràn wọn lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn.

Nígbà tá a bá dé ìdàpọ̀ àwọn ènìyàn mímọ́ nínú Ìjẹ́wọ́ náà, a máa ń rò pé àwọn tó ti kú nìkan ni. Àwa náà tá a wà láàyè wà níbẹ̀. Ẹ wo ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́bàá títì yẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, láti aago méje ló ti wẹ̀, tó ti wé gèlè, tó gbé Bíbélì àti àpò ọrẹ lé itan, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Orúnkún ni kò gbà fún un mọ́. Mọ́tò yín gba iwájú rẹ̀ kọjá, àyè ẹni méjì sì ṣófo lẹ́yìn. Ó juwọ́ sí yín, ẹ fun fèrè dá a lóhùn. Ẹ dúró gbé e, ẹ jọ̀ọ́.

Bí kò bá lè jáde rárá, ẹ rán ọmọ yín sí i pẹ̀lú Bíbélì Yorùbá. Odidi Bíbélì ti wà lédè wa láti 1884, Crowther yẹn náà ló ṣáájú iṣẹ́ ọ̀hún. Ojú ìyá lè má ríran ka lẹ́tà mọ́. Kí ọmọ kà á fún un. Ìhìn Rere Máàkù kò ju orí 16 lọ. Bí wọ́n bá ń ka orí méjì lójúmọ́, wọ́n á parí rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́jọ. Ọmọ á mọ Jésù, á sì mọ Yorùbá kà. Níbi tí kò bá ti yé wọn, kí wọ́n kọ ìbéèrè sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá àlùfáà yín. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, inú rẹ̀ á sì dùn.

Ó wá ku àjíǹde. Pọ́ọ̀lù kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 15: bí Kírísítì kò bá jíǹde, asán ni gbogbo ohun tá à ń ṣe. Ó ka àwọn tó rí i lójúkojú sílẹ̀, ó ní àwọn kan wà tí wọ́n lé ní 500 tí wọ́n rí i lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè lásìkò tó ń kọ̀wé. Àwa tá a gba èyí gbọ́ la ń yáwó sìnkú. Bàbá kò rówó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n màlúù wà níbi òkú rẹ̀, aṣọ ẹbí wà, olórin wà, gbèsè sì wà fún àwọn ọmọ. Ẹni tó dá wa lójú pé yóò jí, kí la fẹ́ fi ariwo fi hàn lórí rẹ̀?

Ẹ ra oògùn bàbá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n yáwó sin yín, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Bẹ́ ẹ bá sì mọ ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ lọ kí i báyìí. Àwọn èrò ti túká. Ìsinsìnyí ló nílò ẹni tó máa bá a jẹun.

Ẹ ò lè ṣe gbogbo rẹ̀ lónìí. Ẹ mú ẹyọ kan. Bẹ́ ẹ ò bá mọ èyí tẹ́ ẹ máa mú, ẹ rìn dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà yẹn ní ìrọ̀lẹ́ yìí, kẹ́ ẹ bi í léèrè aago mélòó ló fẹ́ kẹ́ ẹ wá gbé òun lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀.