Kúrunmí jàre, Ìjàyè sì fọ́



Orúkọ Kúrunmí kì í wọ́n lẹ́nu àwa tí a ń gbé àṣà lárugẹ. Láti ìgbà tí Ọlá Rótìmí ti gbé eré onítàn rẹ̀ jáde ní Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín ní 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà ṣì ń lọ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ wa ti fi í ṣe àwòkọ́ṣe ẹni tí kò ta àṣà lọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìpinnu rẹ̀ ju ìyìn lọ.

Ní 1859, Aláàfin Àtìbà wàjà. Àṣà Ọ̀yọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Àtìbà ti fẹ́ kí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, jọba, Ìbàdàn gbà. Kúrunmí, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò ní Ìjàyè, kọ̀ láti forí balẹ̀ fún un. Bí a bá fi àṣà nìkan wọn ọ̀rọ̀ náà, Kúrunmí ni ó jàre. Àṣà nìkan kọ́ ni ó sì dá ìjà náà sílẹ̀: ogún obìnrin olówó kan tí ó kú ní Ìjànà wà níbẹ̀, ìdíje Ìbàdàn àti Ìjàyè lórí agbára wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé Ìbíkúnlé, Balógun Ìbàdàn, kò fẹ́ ogun náà. Síbẹ̀, òun ni ó ṣíwájú ogun lọ. Ìnira ìpinnu ogun nìyẹn: ẹni tí kò fẹ́ ẹ náà yóò jà á.

Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Ẹ̀gbá wá ran Ìjàyè lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà oko dí, ebi wọ ìlú. Kúrunmí kú ní 1861. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1862, Ìjàyè fọ́. Adélù ṣì wà lórí ìtẹ́.

Àwọn ọmọdé ńkọ́? Àwọn míṣọ́nnárì kó lára àwọn tí ebi àti ogun sọ di aláìní lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì tọ́ wọn nínú ẹ̀sìn Kírísítì. Wọ́n gba ẹ̀mí wọn là. A kò lè bú wọn fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ogun tí a pè ní ogun àṣà ni ó já okùn àṣà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Ẹnìkan lè ní, ṣé kí Kúrunmí gbà ni? Rárá. Ènìyàn lè kọ̀, kí ó má sì ti ilẹ̀kùn ìlàjà. Ìjà kì í dọlà, orúkọ ni í sọni. Kúrunmí ní orúkọ títí di òní. Ìjàyè ni ó san owó rẹ̀.

Nígbàkígbà tí wọ́n bá dí ọdún wa lọ́wọ́, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Ìlọrin ní 2023, ẹnu a máa yá láti pe ogun. Ẹni tí ó bá wá síwájú ọpọ́n kò gbọdọ̀ bi Ifá pé "ṣé èmi ni mo jàre?" nìkan, kí ó béèrè ohun tí ogun náà yóò gbà, àti ọwọ́ ẹni tí yóò ti gbà á. Ẹ jẹ́ kí a gba ilé ẹjọ́ lọ, kí a sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù, kí a sì kọ́ àwọn ọmọ wa ní Ifá. Àwọn ọmọ náà ni odi ìlú wa. Bí a bá pàdánù wọn, kí ni a ń gbèjà?