AJÁ TÍ Ń RE ÌLÚ ÒYÌNBÓ ÀTI AJÁ TÍ Ó KÙ NÍLÉ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ajá tí yóò sọ nù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òótọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n mo ti wá rí i pé nígbà mìíràn kì í ṣe ajá ni kò gbọ́ fèrè. Ọdẹ gan-an ni kò fun ún. Ọ̀rọ̀ ọdẹ tí kò fun fèrè ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa sọ lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní àdúgbò wa rí ààyè ẹ̀kọ́ gíga ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ajá kan, akọ, pupa rúsúrúsú, tí ó ti ń sìn láti kékeré. Gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá tí a fi ń fi orúkọ ajá pa òwe fún aládùúgbò, ó sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Ìparí oṣù Keje ni ìwé ìwọ̀lú tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Àárín oṣù Kẹsàn-án ni ẹ̀kọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ajá. Ó mú un tọ dókítà ẹran lọ, ó ní kí ó bá òun ṣe ìwé rẹ̀ kí àwọn jọ máa lọ. Dókítà bi í pé ìgbà wo ni ajá náà gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi ní láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ajá, òun kò tilẹ̀ rántí ọdún tí í ṣe. Dókítà mi orí, ó ní, "Ọ̀gá mi, ọjà ti tú kí ẹ tó dé."

Kí ni òfin wí?

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ títí ọjọ́ ìrìn-àjò yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Ajá tí yóò bá ti Nàìjíríà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní àmì ìdánimọ̀ kan, ẹ̀rọ kékeré tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, tí dókítà máa ń fi abẹ́rẹ́ tì sí abẹ́ awọ rẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni yóò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣáájú àmì, wọn kò ní í kà á sí. Nígbà tí ó bá pé 30 ọjọ́, ó kéré tán, dókítà yóò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a ó sì fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò tí wọ́n fọwọ́ sí, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àjẹsára náà mú un dáadáa. Bí ó bá mú un, ajá yóò tún dúró fún oṣù mẹ́ta gbáko láti ọjọ́ tí a gba ẹ̀jẹ̀ náà. Nígbà tí ó bá ku ọjọ́ kan sí márùn-ún kí ó gúnlẹ̀, dókítà yóò fún un ní oògùn aràn. Ìwé ẹ̀rí ìlera láti ọwọ́ ìjọba náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ajá tí ó bá gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ìparí oṣù náà ni a tó lè gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìparí oṣù Kẹwàá ni ó sì tó lè wọ ọkọ̀ òfurufú. Oṣù mẹ́rin nìyẹn, bí ohunkóhun kò bá yẹ̀. Ibi ẹrù ni yóò sì wà nínú ọkọ̀, kì í ṣe orí itan olówó rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dúró lè gbé e wọ ilé ìyàsọ́tọ̀ ní ọ̀hún, níbi tí wọ́n lè tì í mọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Àpò olówó ajá ni owó rẹ̀ yóò sì ti jáde. Àwọn irú ajá kan tilẹ̀ wà tí wọn kò fẹ́ rí rárá: òfin ti kọ pit bull láti 1991, XL Bully náà sì bọ́ sínú ìwé òfin ní ìparí 2023.

Amẹ́ríkà náà kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 2024, ajá tí kò bá pé oṣù mẹ́fà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé dìgbòlugi ajá pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ajá tí a bá gún lábẹ́rẹ́ níhìn-ín gbọ́dọ̀ ní àmì ìdánimọ̀ àti ìwé, kí ó sì ti gba ààyè sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ẹran tí ìjọba wọn yàn, kí ó tó gbéra níhìn-ín.

Ṣé ìkórìíra ni?

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi gbọ́ gbogbo èyí, ó fi ìbínú sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kò tó wọn bí wọ́n ti ń fi ìwé ìwọ̀lú fìyà jẹ ènìyàn wa, ó tún wá kan ajá wa!" Mo gbà fún un lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wádìí ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ajá tí ó bá ti Mauritius tàbí Jàmáíkà wá kò nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn rárá láti wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ènìyàn dúdú pọ̀ ní Jàmáíkà bí eèsú, erékùṣù Áfíríkà sì ni Mauritius. Kì í ṣe àwọ̀ ara ni wọ́n wò. Àrùn ni wọ́n wò.

Àwọn fúnra wọn ti jìyà rẹ̀ rí. Wọ́n ti lé dìgbòlugi kúrò ní ilẹ̀ wọn kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó dé. Ní 1918 ó tún wọlé padà nípasẹ̀ ajá tí a kó wọlé láti òkè òkun, ó sì di 1922 kí wọ́n tó rí ẹ̀yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà wá, ajá ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá tí ó bá lọ sí òkè òkun, tí ó sì fẹ́ padà sílé, àtìmọ́lé oṣù mẹ́fà ni. Ní 2000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn náà fún àwọn orílẹ̀-èdè kan. Ó di 2012 kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún irú tiwa láti máa fi abẹ́rẹ́ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rọ́pò àtìmọ́lé. Nítorí náà, ẹni tí ń ráhùn oṣù mẹ́rin, kí ó mọ̀ pé ìrọ̀rùn ni.

Ìdúró oṣù mẹ́ta náà kì í ṣe lásán. Inú itọ́ ajá tí ó ní dìgbòlugi ni kòkòrò àrùn náà wà. Bí ó bá géni jẹ, kòkòrò náà yóò gba ojú iṣan lọ, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dé ọpọlọ. Ìrìn náà lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè gbà á ní oṣù mélòó kan. Ajá tí àrùn ti wọ̀ lára lè máa mira ìrù sí wa lónìí. Ìdúró náà ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Nígbà tí àmì àìsàn bá ti hàn, yálà lára ajá tàbí lára ènìyàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni èyí. Ní 1956, ara àdán ní Èkó ni àwọn onímọ̀ ti rí kòkòrò kan tí ó jẹ́ ẹbí dìgbòlugi. Orúkọ Èkó ni wọ́n sì fún un. Ní 1968, ara asín ní Ìbàdàn ni wọ́n ti rí òmíràn, wọ́n sì pe tòhún ní Mòkọ́lá. Orúkọ àdúgbò wa wà nínú ìwé ìṣègùn káàkiri ayé, ṣùgbọ́n mélòó nínú ajá Mòkọ́lá ni ó ti gba abẹ́rẹ́?

Tanímọ̀la lẹ́yìn olówó rẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi lọ ní oṣù Kẹsàn-án. Ó fi ajá sílẹ̀ fún mẹ́gáàdì ilé, ó fi owó oúnjẹ oṣù kan lé e lọ́wọ́, ó sì bẹ̀ mí pé kí n máa yọjú sí i. Mo ṣe ìlérí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo yọjú. Nígbà tí owó tán, mẹ́gáàdì náà wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn. Ajá já okùn, ó di ẹni tí ń jẹ̀ lórí ààtàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n rán ọmọbìnrin ọdún méje kan ní àdúgbò wa pé kí ó lọ ra ọṣẹ. Tanímọ̀la gé e jẹ ní iṣan ẹsẹ̀. Kí n tó dé ibẹ̀, wọ́n ti fi epo pupa ra ojú egbò náà. Màmá àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó pariwo pé kí wọ́n gbé omi àti ọṣẹ wá, ó sì fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 láìdáwọ́ dúró. Baba ọmọ náà kiri ilé ìwòsàn méjì, kò rí abẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta ni ó ti rí i, owó tí ó sì san kì í ṣe kékeré. Ọmọ náà gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé, ó sì wà láàyè. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò fi kùmọ̀ pa ajá. Kò sí ẹni tí ó mú orí rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, nítorí náà títí di òní a kò mọ̀ bóyá dìgbòlugi ni tàbí ebi.

Ohun tí ń dùn mí ni èyí: abẹ́rẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi ń sáré wá kiri nítorí òyìnbó, òun náà ni ìbá ti gbà fún ajá rẹ̀ lọ́dọọdún nítorí ọmọ àdúgbò. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwa ń kó ẹ̀ṣọ́ fún òde, a fi ilé sílẹ̀ ní ìhòòhò.

Kí ni kí a ṣe?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, "Ebi ń pa ọmọ ènìyàn, o ń sọ ti ajá." Òótọ́ ni pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn gan-an ni mo ń sọ. Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé bí 59,000 ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dún, pé Áfíríkà àti Éṣíà ni ó pọ̀ jù sí, àti pé nínú 100 ènìyàn tí ó ń pa, bí 40 ni kò tíì pé ọdún 15. Ajá ni ó ń kó o ràn wọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yọ ẹnì kan sílẹ̀. Bí a bá sì gún ajá 70 nínú 100 lábẹ́rẹ́ ní ìlú kan, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́. Mẹ́síkò ṣe é. Ní 2019 àjọ náà kéde pé dìgbòlugi ajá kò pa ènìyàn níbẹ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ ajá ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe idán.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ìrìn-àjò lọ́kàn, yálà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́, ọjọ́ tí ó bá kọ ìwé béèrè ààyè ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ ni kí ó mú ajá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ó má dúró de ìwé ìwọ̀lú. Bí ìrìn-àjò kò bá tilẹ̀ bọ́ sí i, ajá ti jèrè abẹ́rẹ́, ilé náà sì ti jèrè ààbò. Ẹni tí ó bá rí i pé òun kò ní lè mú un lọ, kí ó tètè wá ẹni tí ó fẹ́ ajá, kí àwọn méjèèjì mọ ara wọn kí ó tó lọ. Okùn àti owó oúnjẹ oṣù kan kì í ṣe ìtọ́jú.

Fún ẹgbẹ́ wa, mo ní àbá kan. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni gbogbo ayé fi ń rántí ọ̀rọ̀ dìgbòlugi. Kí ni ó dé tí a kò lè bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ẹran sọ̀rọ̀, kí a jọ jáde lọ́jọ́ náà sí àwọn àdúgbò tí ó yí ọgbà ẹ̀kọ́ wa ká? Kí wọn mú abẹ́rẹ́ wá, kí àwa mú èdè wá. A ó sọ ọ́ ní Yorùbá tí ìyá ọlọ́jà yóò gbọ́ yéké: fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò, má fi epo ra á, sáré lọ gba abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ wa nìyẹn, àwa tí a ní èdè Yorùbá ni a ń kọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kọ̀wé sí mi láìpẹ́ yìí. Ó béèrè àlàáfíà Tanímọ̀la. N kò tíì rí ọ̀rọ̀ fi dá a lóhùn. Bóyá àròkọ yìí ni èsì rẹ̀.