Ọmọ Tó Ń Tú Rédíò Kì í Ṣe Àpà

Ní Dọ̀pẹmú wa níbí, bí ọmọ bá tú rédíò tó ti bàjẹ́ láti wo inú rẹ̀, ẹgba ló máa ń jẹ. Wọ́n á ní, "Àpà ọmọ! Lọ gbé ìwé rẹ!" Mo lòdì sí èyí pátápátá. Àwọn òbí yìí kan náà ni wọ́n ń gbé fóònù lọ sí Kọ̀ǹpútà Fílẹ́èjì ní Ìkẹjà, tí wọ́n ń sanwó fún ẹni tó mọ inú rẹ̀. Ṣé láti ọ̀run ni onítọ̀hún ti mọ̀ ọ́n wá ni?

Kelvin Doe, ọmọ Freetown ní Sierra Leone, ṣa àlòkù ẹ̀rọ lórí ààtàn, ó sì fi ṣe bátìrì àti rédíò tó fi ń bá àdúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2012, yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gba ọ̀dọ́langba náà lálejò.

Ẹ lè ní iná mànàmáná ń pani. Òótọ́ ni. Ẹ kọ́ wa, nígbà náà, pé bátìrì kékeré ni ká fi bẹ̀rẹ̀, ká má sì tú ohun tó wà lára iná. Ọmọ tí ẹ bá nà, ìkọ̀kọ̀ ni yóò ti tú u. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fún wa ní rédíò tó ti dákẹ́. Ẹ gbé pàṣán jù sílẹ̀.