Orúkọ Ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì àti Ọmọ Tí Yóò Yàn Án

Àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá a máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn láti inú yàrá. Wọn a wá ọ̀rọ̀ fún ooru, fún iná mànàmáná, fún kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí. Iṣẹ́ rere ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé náà ṣì wà láìlórúkọ. Orúkọ àwọn ẹ̀kọ́ tí ènìyàn ń gba oyè lé lórí ní yunifásítì ni wọ́n fò dá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ilé tí ó ní ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò JAMB nílò jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ẹgàn ní Àlímọ̀ṣọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ojú títì tí ó ti Ìṣẹrì wá, tí ó gba Ìgàndò kọjá, tí ó sì já sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́, ni Ẹgàn wà. Láti ọdún 1983 tí wọ́n ti dá yunifásítì náà sílẹ̀, ọmọ àdúgbò yìí kò ní láti sun oorun ọ̀nà kí ó tó dé ibi tí a ti ń gba oyè. Ohun tí ó jìnnà sí i ni orúkọ ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB láti òkè délẹ̀, Yorùbá sì ni bàbá, ìyá àti ẹ̀gbọ́n fi ń gbìmọ̀ ọ̀rọ̀ náà lálẹ́. Ìyá a béèrè pé, “Kí lo fẹ́ kà?” Ìdáhùn tí etí rẹ̀ lè gbà kò pọ̀: dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà, nọ́ọ̀sì, akáńtáǹtì.

Ohun kan wà nínú ìdáhùn wọ̀nyí tí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kò gbọdọ̀ gbójú fò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí í ṣe orúkọ ìmọ̀. Orúkọ ènìyàn tí ń ṣiṣẹ́ ni gbogbo wọn. Bí Yorùbá ti ń wí pé ọmọ kan ń kọ́ télọ̀ tàbí pé ó ń kọ́ mẹkáníìkì, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe ń wí pé ó ń kà lọ́yà. Ìlànà ìkọ́ṣẹ́ ni èdè fi gba yunifásítì wọlé. Àbájáde rẹ̀ ni pé ìmọ̀ tí ará àdúgbò kò bá tíì rí ẹni tí ń fi í jẹun kò lè ní orúkọ nínú ilé. Ọmọ tí ó bá wí pé sítátísítíìkì tàbí jíọ́lọ́jì ni ọkàn òun fẹ́ kò rí nǹkan kan sọ nígbà tí wọ́n bá bi í pé irú iṣẹ́ wo nìyẹn. Àwọn òbí a wá pè é padà sí dókítà. Kì í ṣe pé wọ́n le ọkàn. Ta ni yóò fi owó ọdún mẹ́rin ra ohun tí kò lórúkọ?

Èyí tí ó tilẹ̀ lórúkọ ń ṣini lọ́nà. “Ìmọ̀ ẹ̀rọ” ni a ń pe ohun gbogbo láti orí mọ́tò dé orí afárá. Ọmọ tí kò fẹ́ràn ẹ̀rọ a sá fún un, kò mọ̀ pé ìmọ̀ títì òun afárá wà níbẹ̀. Èyí tí ó sì fẹ́ kọ ètò tí kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀lé a rò pé títún ẹ̀rọ ṣe ni wọn yóò kọ́ òun. Àṣìṣe yìí kì í dúró di ọjọ́ fọ́ọ̀mù. JAMB ń béèrè ẹ̀kọ́ mẹ́rin, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan. Ẹni tí yóò kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ ṣaláì ní ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì. Ọmọ tí ó bá ti pa físíìsì tì ní ọdún kìíní sẹ́kọ́ńdírì àgbà ti pa ilẹ̀kùn dé kí ó tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà.

Àwọn kan yóò wí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi kọ́ ọmọ náà, kí ni orúkọ Yorùbá yóò ṣe fún un? Àtakò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí ọmọ tó dé ibi ìkọ́ni ni ó ti ń yan ẹ̀kọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún odindi ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀ ní 2022, wọ́n sì fagi lé e ní 2025. A kò lè máa dúró de ìjọba tí ń lọ tí ń bọ̀. Àwọn onímọ̀ èdè kò dúró dè é kí wọ́n tó ṣe tiwọn: Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti ìdìpọ̀ kejì láti ọwọ́ Ọládélé Awóbùlúyì ní 1990, ti fi ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ẹni tí ń kọ́ físíìsì kò rí tirẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti bí a ó ṣe ṣẹ̀dá orúkọ wọ̀nyí, àyálò nìkan kò tó. “Bàyókẹ́mísírì” kò sọ nǹkan kan fún ìyá tí ń tajà. “Ìmọ̀ kẹ́míkà inú ohun alààyè” sọ púpọ̀. “Ìmọ̀ ìtúpalẹ̀ iye” yóò ṣe fún sítátísítíìkì. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra fún àmì ohùn: ẹni tí ó bá kọ “iṣẹ́ ọ̀nà” láìfi àmì sí i ti rán ẹni tí yóò ṣe afárá lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn agbẹ́gilére. Ìdí nìyẹn tí “títì” fi sàn níbẹ̀. Lóòótọ́, orúkọ náà kò mẹ́nu kan ìsédò àti ilé gíga, ṣùgbọ́n “lọ́yà” náà kò sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú òfin.

Kí a kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sórí ìwé pélébé, kí gbólóhùn kan tẹ̀lé e lórí ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, àti òmíràn lórí ẹ̀kọ́ tí JAMB ń béèrè fún un. Kí ó dé Ẹgàn àti Ìgàndò kí àwọn ọmọ tó wọ sẹ́kọ́ńdírì àgbà, kí wọ́n sì fi rán wọn sí àwọn òbí wọn.